Ọ̀já ìkookò lorúkọ ewé yẹn, ẹ jẹ́ ká fi "ahọ́n ìyá ọkọ" sílẹ̀

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìjíròrò o. Mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń kọ bọ̀ lórí ewé inú ilé yìí, ó sì yẹ kí n dá sí i báyìí kó tó di pé wọ́n kó o sínú àkójọ ọ̀rọ̀ tán. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnìkan nínú wa tó ń gbé nílùú Òyìnbó fẹ́ kọ ìwé pélébé kan lédè Yorùbá nípa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ewé gígùn kan báyìí tó máa ń nàró ṣánṣán nínú ìkòkò, tó ní ìlà-ìlà lára, tó lè wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Dracaena trifasciata lorúkọ ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀, Sansevieria ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Òyìnbó fi í wé ejò, wọ́n sì tún ń pè é ní ahọ́n ìyá ọkọ. Ó wá bèèrè pé kí la máa pè é, àbá mẹ́rin ló sì ti jáde: ahọ́n ìyá ọkọ, ewé ejò, afọ-atẹ́gùn, àti pèrègún abilà.

Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí ewé náà lórúkọ nílé. Ọ̀já ìkookò ni. Àwọn míì ń pè é ní pàṣán kòríkò, ẹranko kan náà ni ìkookò àti kòríkò. Ilẹ̀ wa níbí ló ti ṣẹ̀ wá, láti Nàìjíríà lọ dé Kóńgò ló ti ń hù fúnra ẹ̀ nínú igbó. Ọmọ wa ni, ó rìnrìn àjò lọ sókè òkun, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ tó wù wọ́n níbẹ̀, ó wá padà wálé, àwa òbí ẹ̀ wá jókòó a ń túmọ̀ orúkọ àlejò yẹn sí Yorùbá kó lè dà bíi pé àwa la sọ ọ́. Kí ló dé?

Ẹ wo bí orúkọ ilé yẹn ṣe bá a mu tó. Ọ̀já la fi ń gbé ọmọ pọ̀n, ó gùn, ó fẹ̀ díẹ̀, ó sì le. Ewé yìí gùn bẹ́ẹ̀, okùn tó wà nínú ẹ̀ sì yi débi pé wọ́n ti ń fi ṣe okùn ọrun nílẹ̀ Áfíríkà tipẹ́. Àmì ara ẹ̀ tó dúdú díẹ̀ tó funfun díẹ̀ ló jọ ara ẹranko, lójú tèmi o. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yìí wo ewé náà dáadáa kó tó lanu.

Ahọ́n ìyá ọkọ ńkọ́? Àkọ́kọ́, ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó ni Òyìnbó kó pọ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ta ló ní kí ẹni tó túmọ̀ ẹ̀ mú ìyá ọkọ nínú méjèèjì? Èkejì, èébú ni. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ahọ́n ìyá yẹn mú, ó sì gùn. Ìyàwó wo ló fẹ́ dúró nínú pálọ̀ ní ojú màámi ọkọ ẹ̀ kó máa sọ pé "ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ bá mi bomi rin ahọ́n ìyá ọkọ"? Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ò lè sọ nílé ara ẹ̀ ò lè wọ èdè. Ewé ejò náà ò dáa, torí tí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ "ewé ejò", oògùn ejò ló máa wá sí i lọ́kàn, ẹlòmíì á sì tìtorí ẹ̀ gbìn ín sẹ́nu ọ̀nà kó ṣebí òun ti bọ́ lọ́wọ́ ejò.

Pèrègún abilà ló fa ojú mi mọ́ra jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì fẹ́ ká bu ọlá fún ẹ̀gbọ́n tó mú un wá, torí ó ní ìmọ̀ nínú. Pèrègún tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí wọ́n ń gbìn sí ààlà ilẹ̀ àti ojúbọ, tẹ́ ẹ bá gé igi ẹ̀ lásán kẹ́ ẹ fi gúnlẹ̀ á hù, Dracaena fragrans ni. Láti 2017 tí àwọn onímọ̀ ti kó Sansevieria wọ inú Dracaena, ẹbí kan náà ni pèrègún àti ọ̀já ìkookò jẹ́ lábẹ́ òfin orúkọ wọn. Pèrègún gan-an wà nínú ilé àwọn èèyàn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, wọ́n ń tà á nínú ìkòkò, ọ̀pọ̀ nínú ọmọ wa tó rà á ò mọ̀ pé pèrègún ni! Ìyẹn dára láti kọ sínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ò fi ẹ̀jẹ̀ sọ ewé lórúkọ, ìrísí àti ìlò ni wọ́n fi ń sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó máa wo ewé tí ò ní igi rárá, tó yọ tààrà látinú ilẹ̀, kó pè é ní pèrègún.

Ẹnìkan ní ọ̀já ìkookò tí àwọn oníṣègùn mọ̀, Dracaena liberica ni, ewé tirẹ̀ fẹ̀ ju èyí tí wọ́n ń tà lọ, pé a ò gbọ́dọ̀ dà wọ́n pọ̀. Òótọ́ ni pé méjì ni wọ́n lọ́wọ́ onímọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé iṣu kan ló wà? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Orúkọ kan máa ń gba ìran kan, tá a bá wá fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ a ó fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un: ọ̀já ìkookò eléwé fífẹ̀, ọ̀já ìkookò abilà, ọ̀já ìkookò elétí pupa rúsúrúsú fún èyí tí etí ẹ̀ pọ́n bí ìyeyè.

Tá a bá sì fẹ́ orúkọ kejì, ẹ jẹ́ ká gbà á lọ́wọ́ àwọn ará wa ní Bràsíìlì. Idà ni wọ́n pè é níbẹ̀, espada-de-São-Jorge, idà Jọ́ọ̀jì Mímọ́, ẹni tí wọ́n fi bo Ògún mọ́lẹ̀ ní Rio de Janeiro nígbà tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n bọ Ògún ní gbangba. Nínú ilé Candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà àwọn ará Bràsíìlì, ewé idà òrìṣà lorúkọ ẹ̀, Ògún ló ni ín, èyí tí etí ẹ̀ pọ́n ni wọ́n sì fún Ọya. Ẹ gbọ́ o, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ṣì fi Yorùbá sọ ewé yìí lórúkọ, àwa tá a wà nílé wá ń wá ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ewé idà òrìṣà ni màá dìbò fún ṣáájú ahọ́n ẹnikẹ́ni.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ àmì ohùn díẹ̀, torí ó ti kó bá wa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀ kọ ọ́ ní "oja ikoko" láì fàmì sí i, àwọn mélòó kan wá kà á sí ọjà ìkòkò, wọ́n ń bèèrè pé kí ló kan ọjà tí wọ́n ti ń ta ìkòkò nínú ọ̀rọ̀ ewé. Ọ̀já, ìsàlẹ̀ lẹ́yìn náà òkè. Ìkookò, òun ni ẹranko yẹn. Nínú ìwé tó jẹ́ pé ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ló máa sọ nípa ìkòkò amọ̀ àti ìkòkò rọ́bà, ẹ fàmì sí i dáadáa, ẹ jọ̀ọ́.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú gan-an, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tá a bá yàn ti lè pa ewé tàbí kó dá a sí. Àbá kan ní ká máa pe irú ewé báyìí ní "aláìnílò-ìtọ́jú". Ó ti o! Ó nílò ìtọ́jú, kàn jẹ́ pé kì í dani láàmú ni. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ewé tí kì í dani láàmú. Bẹ́ẹ̀ náà ni "òdòdó" tí wọ́n fẹ́ ká máa pè é. Àwọn tó ń ta á létí títì ní Èkó àti Ìbàdàn, fláwà ni wọ́n ń pe gbogbo ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á fláwà náà ni kẹ́ ẹ bèèrè, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n inú ìwé, òdòdó ni èyí tó ń tanná, ewé yìí kì í sì í sábà tanná nínú ilé. Ewé inú ilé ti tó.

Èyí tó ká mi lára jù ni "wọ́n omi sí i lójoojúmọ́" tí wọ́n kọ sínú àpẹẹrẹ ìwé náà tí wọ́n fi ránṣẹ́. Omi wíwọ́n yàtọ̀ sí omi bíbu rin. Tẹ́ ẹ bá ń wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, òkè erùpẹ̀ ò ní gbẹ láé, gbòǹgbò ò ní rí atẹ́gùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í rà nísàlẹ̀ níbi tójú ò tó. Bíbu rin ni ká kọ: ẹ bu omi rin ín títí omi á fi máa jò nídìí ìkòkò, ẹ da èyí tó bá dúró nínú àwo nù, ẹ wá fi í sílẹ̀ títí erùpẹ̀ á fi gbẹ wọnú lọ. Ẹ ki ìka bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta nígbà ooru, nígbà òtútù ní London tàbí Chicago ó lè tó oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí tó fi lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé òru ló máa ń ṣí ihò ara ewé ẹ̀ láti mí, á pa á dé lọ́sàn-án tí oòrùn bá ń mú, omi ara ẹ̀ ò sì ní fò lọ. Ìkòkò tí ò ní ihò nídìí ni ikú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì po iyanrìn mọ́ erùpẹ̀ kí omi lè ráyè kọjá.

Ọ̀rọ̀ àmì àìsàn náà, ẹ má fi "ó ń rọ" ṣe gbogbo ẹ̀. Ewé tó rọ̀ nídìí, tó pọ́n, tó ń rùn, omi ló pọ̀ jù. Ewé tó hunjọ tó ká ara ẹ̀ kò, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ìtọ́jú méjèèjì takora, ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún méjèèjì á bomi rin ewé tó ti ń rà.

"Òkùnkùn" tí wọ́n kọ pé ó fẹ́ràn náà, ẹ yọ ọ́. Ibòji ni. Ó lè fara da ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í dàgbà dáadáa níbẹ̀, ẹ̀bá fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ wà láìsí pé oòrùn ọ̀sán ń jó o ló dùn mọ́ ọn jù. Tí ibi tó wà bá tutù débi pé ìgbóná ẹ̀ ò tó 10°C, ewé ẹ̀ á bàjẹ́. Nígbà ọyẹ́ nílé, ẹ fi àkísà tútù nu eruku ara ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì gbé e jìnnà sí ajá àti ológbò, tí wọ́n bá jẹ ẹ́ wọ́n lè máa bì.

Fún bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di púpọ̀, ẹnìkan fẹ́ ká dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, "àgéhù". Ọ̀rọ̀ náà dùn, àmọ́ àgbẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ yẹn fún wa: ọmọ ni èyí tó bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹ̀, bíi ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, èbù sì ni èyí tí wọ́n gé, bíi èbù iṣu. Èbù ewé. Gbogbo ìmọ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn sì bá a wọlé, torí ẹni tó bá gé èbù iṣu mọ̀ pé ojú ọgbẹ́ gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó wọlẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ń fi eérú pa á. Èbù ewé yìí náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, kẹ́ ẹ wá rì í sínú iyanrìn, ẹ má dorí ẹ̀ kodò, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni kó wà nísàlẹ̀ àbí kò ní hù. Ẹ ní sùúrù, ó ń gba oṣù. Ẹni tó bá sì gé èbù lára elétí pupa rúsúrúsú á rí i pé ọmọ tó máa hù ò ní etí yẹn mọ́, àwọ̀ ewé lásán ni, tó bá fẹ́ etí yẹn àfi kó yọ ọmọ ìdí ẹ̀.

Afọ-atẹ́gùn ló kù, pé ewé náà ń fọ atẹ́gùn inú ilé mọ́. Ìdánwò tí NASA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1989 ló ń ti ìyẹn lẹ́yìn, inú àpótí tí wọ́n pa dé pinpin ni wọ́n sì ti ṣe é. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Drexel University ní Philadelphia tún gbogbo irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò ní 2019, wọ́n rí i pé fèrèsé tá a ṣí ń ṣe ju ewé inú ìkòkò lọ nínú ilé gidi. Ẹ má jẹ́ ká fi irọ́ sọ ọmọ lórúkọ.

Mo wá bẹ àwọn ará Èkìtì, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kétu ní Bẹ̀nẹ̀: ẹ bá mi bi àwọn àgbà tó ń já ewé lágbègbè yín, ẹ fi ewé náà hàn wọ́n lójú, ẹ má dárúkọ ẹ̀ fún wọn. Ṣé ọ̀já ìkookò ni wọ́n máa pè é, àbí pàṣán kòríkò, àbí nǹkan míì tá ò tíì gbọ́? Ẹ fàmì sí i kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.