Adámidúró, afamimọ́ra, tàbí okùn irú?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbúrò kan ka ara ìgò ìpara, ó bá pọ́líglútámíìkì ásíìdì pàdé níbẹ̀, ó sì ní ká wá orúkọ Yorùbá fún un. Ẹ̀gbọ́n wa láti Oǹdó ti fèsì: "adámidúró" ni, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá omi dúró sí awọ ara. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, orúkọ yẹn kò wọ̀ mí létí.

Ẹ pè é sókè kẹ́ ẹ gbọ́. Tí a bá pa fáwẹ̀lì jẹ nínú "dá omi dúró", ohun tó kù kò yàtọ̀ sí "dá mi dúró". Lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, àwọn tó ń dáni dúró kò wọ́n wa, wọn kì í sì í ta ìpara. Ohùn òkè tó wà lórí "dá" ló fà á: lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀, ohùn àárín ni "mi" máa ń gbé, bíi ti omi gan-an. Ọ̀rọ̀ "fà" kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá fà mí, "fà mí" ni n ó wí. Bó bá jẹ́ omi, "fa omi" ni, ohùn ìsàlẹ̀ á di àárín. Ìdí rèé tí mo fi mú "afamimọ́ra". Kò sẹ́ni tó máa ṣì í gbọ́ sí "fà mí mọ́ra".

Àmọ́ orúkọ ẹbí nìyẹn. Gílísẹ́rììnì ń fa omi mọ́ra, oyin náà ń fà á. Ọmọ tí à ń sọ lórúkọ yìí ṣì nílò tirẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ọjà Ọba ní Sátidé. Màmá oníirú tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ tú ewé, ó fi ìka méjì mú wóró kan, ó gbé e sókè. Okùn kan tẹ́ẹ́rẹ́ bá a gòkè, ó ń dán bíi ti aláǹtakùn, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ kó tó já.

"Màmá, kí lẹ ń pe eléyìí?"

"Ó ń fà ni. Irú tí kò bá fà, kò tíì di irú."

Kòkòrò Bacillus subtilis ló ń sọ wóró igi irúgbá di irú, lẹ́yìn tí a bá ti sè é, tí a bó o, tí a sì dé e mọ́ ooru. Òun náà ló ń sọ ẹ̀wà sóyà di nattō lọ́dọ̀ àwọn ará Jàpáánì, inú okùn nattō sì ni ásíìdì wa yìí wà: glútámíìkì ásíìdì lẹ́yọ lẹ́yọ, tí wọ́n so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ni Kikunae Ikeda, onímọ̀ kẹ́míìsì ará Jàpáánì, rí nínú ewéko òkun lọ́dún 1908, òun la ń jẹ nínú màgí. Lọ́dún 1937, àwọn onímọ̀ méjì, Ivánovics àti Bruckner, rí gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ náà lára kòkòrò ańtíráàsì, àrùn tó ń pa ẹran àti ènìyàn (ẹni tó bá ń ta ìpara, kó gbé ìyẹn mì). Lọ́dún 1942, onímọ̀ mìíràn, Bovarnick, fi hàn pé subtilis ń tú u sínú omi tó ń gbé, ìyẹn ni wọ́n fi lè máa sìn ín nínú àgbá lónìí. Wọ́n ń fi í mú oúnjẹ ki, wọ́n ń fi í kó ìdọ̀tí inú omi jọ kó lè rọlẹ̀, wọ́n ń pò ó mọ́ ajílẹ̀ kí ilẹ̀ má tètè gbẹ. Ó sì ń jẹrà, kò dà bíi náílọ́ọ̀nù.

"Okùn irú" ni orúkọ tí mo dábàá. Ẹnì kan nínú yín ti dá "ìfà irú" lábàá. Ìfà ni ohun ọ̀fẹ́, àwọn ará Àkúrẹ́ á bi yín níbi tí wọ́n ti ń pín in. Olùkọ́ kẹ́míìsì wa náà sọ pé ṣúgà kan tó ń jẹ́ lẹ́fáànì wà nínú okùn nattō pẹ̀lú ásíìdì yìí. Òótọ́ ni. Ká pe ti inú ìgò ní "ògidì okùn irú" nígbà náà, ká fi ti inú ewé sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹni tó sì bi mí léèrè pé "okùn irú wo?", irú wòró ni.