Àbúrò wa kan fẹ́ lọ tọ́ àwọn ọ̀dọ́ dókítà ní Kiribati

Àdùkẹ́, Leeds: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ríṣẹ́ ọdún 2 sí Tarawa, olú-ìlú Kiribati, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan láàrín òkun Pàsífíìkì. Dókítà ìdílé ni mí, àwọn dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni n ó sì máa tọ́ sọ́nà. Ta ló ti débẹ̀ rí?

Ìyá Ìbejì, Suva: Àdùkẹ́, o kú oríire. Ọdún 3 ni mo lò níbẹ̀ kí n tó wá sí Fíjì. Kíríbásì ni wọ́n ń pe ìlú náà o, má pè é bí wọ́n ṣe kọ ọ́. "Mauri" ni ìkíni wọn. Bí o bá bi ọmọ kan ní ìbéèrè tó kàn gbé irun ojú sókè, má bínú, "bẹ́ẹ̀ ni" ló ń wí.

Erékùṣù 33 ni wọ́n. Láti Tarawa dé Kiritimati ju 3,000 kìlómítà lọ. Ní àwọn erékùṣù tó jìnnà, báalù lè má dé fún ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà, lórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan, ohun tí mo máa ń bi àwọn ọ̀dọ́ dókítà náà ni pé: "Òní Ọjọ́ Ajé, báalù di Ọjọ́bọ̀. Kí ni wàá ṣe?" Jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn tán kí o tó lanu. Ọwọ́ á máa yún ẹ láti gbà á ṣe, ṣùgbọ́n bí o bá ń gbà á ṣe, ọjọ́ tí o bá kúrò ni ìmọ̀ náà bá ẹ kúrò.

Ìwọ náà á kẹ́kọ̀ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọkùnrin kan wá. Ó ń bì, ó ń yàgbẹ́, ètè rẹ̀ kú, ó sì ní omi tútù ń jó òun lọ́wọ́ bí iná. Èmi ti ń ronú lọ sí ọpọlọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí mò ń kọ́ ló bi í pé ẹja wo ló jẹ. Ciguatera ni, májèlé inú ẹja tí sísè kì í pa. N kò rí i rí nílé.

Bàbá Kọ́ládé, Kingston: Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Jàmáíkà ni TAC (Technical Aid Corps) gbé èmi lọ, ètò tí Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 1987 láti máa rán àwọn onímọ̀ iṣẹ́ lọ ran àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́. Ṣé òótọ́ ni pé Kúbà ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ dókítà yẹn ti kàwé?

Ìyá Ìbejì, Suva: Òótọ́ ni, sà. Èdè Sípáníìṣì ni wọ́n fi kọ́ ìṣègùn. Àwọn kan ń fojú tín-ín-rín wọn torí pé ọwọ́ wọn kò tíì yá nínú rírán ọgbẹ́ àti gbígbẹ̀bí. Ó ń dùn mí. Ọwọ́ á yá bí ẹnìkan bá dúró tì wọ́n. Bíbẹ̀ aláìsàn wò nílé sì rèé, wọ́n mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ọ̀kan mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó ní àtọ̀gbẹ. Mámà fi aṣọ bo ẹsẹ̀. Ọmọ náà jókòó sórí ẹní, ó bá a tàkúrọ̀sọ títí, ó wá rọra ṣí aṣọ náà. Egbò ti ń jẹrà láàrín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Mámà ti wá sí kílíníìkì lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó ní kó bọ́ bàtà.

Àdùkẹ́, Leeds: Háà! Kí ni kí n mú dání, mà?

Ìyá Ìbejì, Suva: Ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru tí aṣọ apá rẹ̀ tóbi. Bí èyí tí ó kéré bá fún apá ńlá, nọ́mbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ, wàá sì fún èèyàn ní oògùn tí kò nílò. Kó bátìrì. Fi gbogbo ìwé ìtọ́jú rẹ pamọ́ sórí fóònù, má gbójú lé íntánẹ́ẹ̀tì.

Àdùkẹ́, Leeds: Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀, mà. Àwọn ẹja wo ló ní májèlé yẹn nínú?

Ìyá Ìbejì, Suva: Ó yàtọ̀ láti etíkun kan sí èkejì. Bi àwọn ọmọ tí o fẹ́ lọ kọ́.