"Ọpọlọ ọkọ̀" kọ́: lórí orúkọ kọ̀ǹpútà Linux tí a fi ọwọ́ ara wa tò sínú ọkọ̀

Ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n dábàá pé kí a máa pe kọ̀ǹpútà Linux (Linux ni ètò ìpìlẹ̀ tí ń darí kọ̀ǹpútà náà) tí ènìyàn fúnra rẹ̀ tò sínú ọkọ̀ ní "ọpọlọ ọkọ̀" ti ro ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n ó jọ pé ọ̀rọ̀ yẹn ti ní olówó orí. Kí a tó gbé tiwa dé inú ọkọ̀ òde òní rárá, kọ̀ǹpútà kan ti wà níbẹ̀ tí ń pinnu ìwọ̀n epo tí ẹ́ńjìnnì yóò jó àti ìgbà tí púlọ́ọ̀gì yóò ta iná, òun sì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní "brain box". Bí ìyẹn bá bàjẹ́, ọkọ̀ kò ní í lọ. Bí tiwa bá kú lójú ọ̀nà, orin ni yóò dákẹ́, àwòrán ọ̀nà ni yóò parẹ́, ọkọ̀ yóò sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ohun tí ọkọ̀ lè rìn láìsí i kò lè jẹ́ ọpọlọ rẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà ọkọ̀" lásán kò tó, nítorí ó kó àwọn méjèèjì pọ̀. Fífi "Linux" kún un kò sì yanjú rẹ̀, nítorí Linux ti ń bá àwọn ọkọ̀ kan jáde láti ilé-iṣẹ́, bíi Camry ọdún 2018 tí Toyota tà ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Automotive Grade Linux, ìyẹn Linux tí a ṣe fún ọkọ̀. Ohun tí a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yà sọ́tọ̀, nígbà náà, kì í ṣe irú ètò tó wà lórí ẹ̀rọ, bí kò ṣe ẹni tí ó fi ẹ̀rọ náà síbẹ̀. Èdè wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ya irú nǹkan báyìí sọ́tọ̀: orúkọ àmútọ̀runwá yàtọ̀ sí àbísọ. Nítorí náà, mo dábàá "àbọ́kọ̀dé" fún kọ̀ǹpútà tí ó bá ọkọ̀ dé, àti "àfisọ́kọ̀" fún èyí tí ọlọ́kọ̀ rà, tí ó tò, tí ó sì tú dáṣíbọ́ọ̀dù láti fi sí i. Mo mọ̀ pé ẹni tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ yóò kọ ọ́ ní "afisoko", ẹlòmíràn yóò sì kà á sí ohun tí a gbé lọ sí oko. Ẹ̀bi ọ̀rọ̀ kọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìṣe ni ó tilẹ̀ ká mi lára jù. Nínú àlàyé tí ẹ̀gbọ́n fi ti àbá wọn lẹ́yìn, wọ́n kọ ọ́ pé "nígbà tí a bá pa ọkọ̀, kọ̀ǹpútà náà yóò kú". Àfisọ́kọ̀ tí mo kọ́kọ́ ṣe kú lóòótọ́, ó sì kú lọ́nà tí ó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, tí ń lo fóltì 5, mo sì fi ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kan sọ iná bátìrì oní-fóltì 12 di ìwọ̀n tí ó lè gbà. Bí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́, tí sítátà bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹ́ńjìnnì, agbára iná bátìrì á wálẹ̀, ojú ẹ̀rọ á ṣú, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀; bí mo bá sì pa ọkọ̀, iná á já lójijì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́tà funfun lórí ojú dúdú ni mo bá, tí ó ń sọ pé òun kò rí ibi tí fáìlì wà mọ́ lórí káàdì tí ó ń kó wọn pamọ́ sí.

Ẹ̀rọ tí a tò dáadáa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wáyà kan ń gbé iná wá fún un tààrà láti orí bátìrì, òmíràn kàn ń sọ fún un bóyá kọ́kọ́rọ́ wà ní títàn tàbí ní pípa ni. Bí ìkejì bá dákẹ́, àfisọ́kọ̀ yóò kọ ohun tí ó ṣì ń rántí sílẹ̀, yóò pa àwọn fáìlì dé, lẹ́yìn náà ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ já iná. Èyí kì í ṣe ikú. Ó palẹ̀ mọ́ ni. Wọ́n lè ní "ìpalẹ̀mọ́" ti di ìmúrasílẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn, bíi ti ìpalẹ̀mọ́ ìdìbò, òótọ́ sì ni. Nítorí èyí, mo fara mọ́ kí a lo ọ̀rọ̀ ìṣe náà, kí a fi ọ̀rọ̀ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. "Kógbá sílé" kò bá a mu, nítorí ẹni tí ó bá kógbá sílé, a kì í retí rẹ̀ lọ́la. Ní ti títan ẹ̀rọ, "tàn" tó. Kí a fi "ṣáná sí" sílẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì.

Ó ku CAN, ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ láàárín àwọn ẹ̀rọ inú ọkọ̀, tí Bosch ti Jámánì gbé jáde ní 1986, tí Linux fúnra rẹ̀ sì ti ń gbọ́ láti 2008. Ẹ̀gbọ́n pe ohun tí ń gba orí wáyà méjì rẹ̀ kọjá ní "lẹ́tà". Lẹ́tà a máa ní ẹni tí a kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ó wà níwájú ọ̀rọ̀ CAN kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà dá lé ni ó ń sọ, gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí wáyà ni yóò sì gbọ́. Bí méjì bá lanu papọ̀, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ni yóò máa sọ̀rọ̀ lọ, èkejì yóò dákẹ́. "Ìkéde" ni mo gbà pé ó yẹ ẹ́.

Mo ti fi gbogbo wọn sínú gbólóhùn kan, irú èyí tí ó lè wà nínú ìwé ìlànà, kí ẹ̀gbọ́n bá mi wò bóyá ó dún létí: "Nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ, àfisọ́kọ̀ yóò máa tẹ́tí sí ìkéde láìdá sí i, bí a bá pa ọkọ̀, yóò dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, yóò palẹ̀ mọ́, yóò sì já iná ara rẹ̀."