Ìborùn wúùlù tí ẹ tú: ibo lẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí lẹ sì fi òwú rẹ̀ hun?

Ọmọ Ìkòròdú
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìborùn aláwọ̀ eérú kan ló wà nílẹ̀, abẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n fi hun ún, ó wọn gíráàmù 280. Nǹkan ìkókó ni mo fẹ́ fi òwú rẹ̀ hun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tú irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe rí.

Ìyá Oníwúùlù, Ẹ̀pẹ́
Ibi tí wọ́n parí iṣẹ́ sí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fà á láti ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ńṣe ni ojú òwú á máa há mọ́ra. Ẹ wá ìdí òwú tí wọ́n tì pamọ́ sínú iṣẹ́. Igun ló sábà máa ń wà, ibẹ̀ á nípọn ju ìyókù lọ. Abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò mú ni kẹ́ ẹ fi yọ ọ́, ẹ má fi sísọ́ọ̀sì wá a. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo etí rẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n gé, tí wọ́n wá fi ẹ̀rọ rán etí rẹ̀ kó má bàa tú, ẹ fi sílẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan ti gé, òwú tẹ́ ẹ máa rí kò ní gùn ju fífẹ̀ ìborùn náà lọ.

Olókìríkà Àgbàlátà
Ọ̀rọ̀ etí yẹn! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra súwẹ́tà láti tú, ẹ yí inú rẹ̀ síta kẹ́ ẹ tó sanwó.

Àbúrò Sábó
Ṣé irun àgùntàn ni àbí akírílíìkì, òwú àtọwọ́dá yẹn?

Ọmọ Ìkòròdú
Wúùlù ni wọ́n pè é lọ́jà.

Ìyá Oníwúùlù, Ẹ̀pẹ́
Gbogbo rẹ̀ lọjà ń pè ní wúùlù. Ẹ gé díẹ̀, ẹ fi ẹ̀mú mú un, ẹ ṣáná sí i lórí abọ́ omi. Irun àgùntàn á rùn bí irun orí tó jóná, iná rẹ̀ kì í pẹ́ kú, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lọ́wọ́. Akírílíìkì á yọ́ bí ọ̀rá, á di kókó dúdú tó le. Òwú tó wá láti ara igi òwú á jó bí ìwé.

Ọmọ Ìkòròdú
Ó yọ́. Kókó dúdú ló kù.

Àbúrò Sábó
Akírílíìkì ni. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù jìnnà sí i.

Ará Ẹ̀búté
Kí ló dé? Ooru áyọ́ọ̀nù ló ń tètè na òwú tó ti ká. Tẹ́ ẹ bá tú u tán, ó máa rí bí irun tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú dídì rẹ̀, ẹ kò sì lè fi òwú tó rí báyẹn hun ojú tó dọ́gba.

Àbúrò Sábó
Ooru lásán kọ́ ni mò ń bá jà, ẹ̀gbọ́n. Bí irin bá kan akírílíìkì, ó ti kú nìyẹn: á rọ̀ jọ̀bọ̀, á máa dán, kò sì sí ohun tó lè jí i. Omi ló dáa jù. Ẹ ká òwú náà mọ́ ẹ̀yìn àga bẹ́ ẹ ṣe ń tú u, ẹ fi òwú funfun dì í níbi mẹ́rin, kó má fún jù. Ẹni tí kò bá dì í, inú abọ́ omi ló ti máa lọ́ pọ̀. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀, ìṣẹ́jú 30. Ẹ má rà á, ẹ má fún un. Aṣọ ìnura ni kẹ́ ẹ fi tẹ omi rẹ̀.

Ọmọ Àgbádárìgì
Bí omi ilé yín bá ń fi ìpẹtà sílẹ̀ lára abọ́, omi òjò ni kẹ́ ẹ lò. Òwú aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ máa ń gba ìpẹtà.

Ará Ẹ̀búté
Kẹ́ ẹ wá so ìgò omi mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá sá a.

Ìyá Oníwúùlù, Ẹ̀pẹ́
Rárá o, pàápàá tó bá jẹ́ irun àgùntàn. Ìgò yẹn á fà á gùn. Ẹ máa fi hun ẹ̀wù, ẹ ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á padà sí bó ṣe wà, ẹ̀wù ọmọ á sì sún kì. Ẹ kàn sá a síbi òjìji.

Àǹtí Oníkroṣé
Èyí tó nírun wúruwùru lára ńkọ́? Kì í tú.

Àbúrò Sábó
Ẹ fi ọ̀rá wé e, kó wà nínú fíríísà fún wákàtí mélòó kan. Irun rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ra. Ẹ rọra tú u, ìlà kan lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ Ìkòròdú
Ṣé gíráàmù 280 á tó?

Ìyá Oníwúùlù, Ẹ̀pẹ́
Bí òwú náà bá nípọn níwọ̀nba, fìlà ìkókó kò ní ju 40 lọ, kádígáànì oṣù mẹ́ta á gba bíi 150. Ẹ yọ ti ibi tó ti gbó kúrò nínú ìṣirò. Ẹ gbé òwú náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, níbi tó bá ti tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ gé e dànù. Ẹ sì hun àpẹẹrẹ sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìbú àti òró, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó ka ojú rẹ̀.

Olókìríkà Àgbàlátà
Ibi tó já ńkọ́? Mo máa ń fi itọ́ rin ẹnu òwú méjèèjì, kí n fi àtẹ́lẹwọ́ ra wọ́n pọ̀.

Àbúrò Sábó
Irun àgùntàn nìyẹn ń ṣiṣẹ́ fún. Akírílíìkì kì í lẹ̀. Ẹ fi ẹnu méjèèjì kọ́ ara wọn, kẹ́ ẹ fi abẹ́rẹ́ dá ẹnu kọ̀ọ̀kan padà sínú òwú tirẹ̀.

Àǹtí Oníkroṣé
Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń hun ìbọ̀sẹ̀ ìkókó, ẹ yí i síta kẹ́ ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa. Òwú tó bá so rọ̀ nínú ibẹ̀ lè wé ìka ẹsẹ̀ ọmọ, kí ẹ̀jẹ̀ má lè kọjá, ọmọ á máa ké, ẹ kò ní mọ ohun tó ń ṣe é.

Ọmọ Ìkòròdú
Mo gbọ́, àǹtí. Òwú tó ti já púpọ̀ kò ní wọ inú ìbọ̀sẹ̀. Fìlà ni màá fi í ṣe, èyí tó gùn ni màá fi hun kádígáànì.