Table Mountain pẹ̀lú màmá tí orúnkún ń dùn

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti dé orí Table Mountain ní Cape Town rí? Èmi àti màmá mi ń lọ ní oṣù Kejìlá. Orúnkún ń dùn wọ́n, òkè yẹn sì ga ju mítà 1,000 lọ, ọkọ̀ tí okùn irin ń fà la máa wọ̀. Àmọ́ tí atẹ́gùn bá le, ọkọ̀ yẹn kì í gbéra, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ gan-an ni atẹ́gùn sì ń jà jù. Ṣé àárọ̀ kùtù ló dáa ni àbí ìrọ̀lẹ́? Tí ìkùukùu bá bo orí òkè, ṣé a ṣì lè rí ìlú àti òkun? Ilẹ̀ ọkọ̀ náà tún máa ń yí po bó ṣe ń gòkè. Ṣé òòyì ò ní kọ́ wọn? (Ẹni tó ń pe Jésù nínú ẹ̀rọ agbéniròkè lásán!) Ẹ tún sọ fún mi bóyá ìrìn pọ̀ lókè.