Oyè kejì nínú ìgbaninímọ̀ràn àbí nínú ìlàjà: èwo ló yẹ ẹni tó fẹ́ sin àwọn ará Àgbádárìgì?

Olùkọ́ Àgbádárìgì béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àgbádárìgì, mo sì ti gba oyè B.Ed. Ó ti pẹ́ tí àwọn ìyá tó ń tajà ládùúgbò wa ti ń gbé aáwọ̀ wọn wá bá mi: ti owó àjọ tí kò pé, ti onílé àti ayálégbé, ti ìyàwó àti ìyá ọkọ. Mo fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ sí i kí n lè sọ ọ́ di iṣẹ́, nítorí mo rí i pé inú rere nìkan kò tó láti fi dá sí ọ̀rọ̀ tó ti di ìjà. Ṣé oyè kejì nínú ìgbaninímọ̀ràn ni kí n lọ gbà, àbí nínú ẹ̀kọ́ àlàáfíà àti ìparí aáwọ̀? Ṣé ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò lè di olùlàjà? Níbo ni mo sì ti lè máa fi iṣẹ́ náà ran ará ìlú lọ́wọ́ láìkúrò ní agbègbè yìí?

Ìyá Agbaninímọ̀ràn fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, olùkọ́ wa. Iṣẹ́ méjèèjì sún mọ́ra, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ó máa ṣe lójoojúmọ́ nínú wọn yàtọ̀. Agbaninímọ̀ràn a máa jókòó ti ẹnì kan fún ìgbà pípẹ́, bóyá ọmọ tí ẹ̀rù ìdánwò kò jẹ́ kó sùn, tàbí opó tí kò mọ bí yóò ṣe tún ayé rẹ̀ tò, ìfọ̀kànbalẹ̀ ẹni náà ló sì ń wá, kì í ṣe àdéhùn láàárín ẹni méjì. Nítorí pé ẹ ti ní B.Ed., ọ̀nà M.Ed., ìyẹn oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ olùkọ́, nínú Guidance and Counselling (ìgbaninímọ̀ràn) ṣí sílẹ̀ fún yín, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sì ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ náà ní Ọ̀jọ́, lójú títì kan náà tí ẹ ń gbà lọ sí Èkó. Kí ẹ tó sanwó níbikíbi, ẹ béèrè dáadáa nípa practicum, ìyẹn apá ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba ènìyàn nímọ̀ràn lábẹ́ ojú ọ̀gá. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń wọ ènìyàn lára. Ẹ wá CASSON pẹ̀lú, ẹgbẹ́ àwọn agbaninímọ̀ràn Nàìjíríà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976.

Olùlàjà fèsì pé:

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ìyá wa tó ti sọ̀rọ̀, gbogbo ohun tí olùkọ́ kà sílẹ̀ yẹn, ìlàjà ni. Ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò lè ṣe é. Institute of Chartered Mediators and Conciliators ń kọ́ àwọn olùlàjà, ó sì ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Ní ti oyè kejì, Yunifásítì Ìbàdàn ní Institute for Peace and Strategic Studies, bẹ́ẹ̀ ni NOUN (National Open University of Nigeria) ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ àlàáfíà àti ìparí aáwọ̀ fún ẹni tí kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá Citizens' Mediation Centre tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 1999, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Àgbádárìgì náà, kí ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ará ìlú.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan hàn yín. Ìyá onílé kan ní kí ayálégbé òun kó jáde láàárín oṣù kan, bẹ́ẹ̀ òfin ilé gbígbé ti 2011 fún ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún ní oṣù mẹ́fà, àfi bí wọ́n bá ti fẹnu kò sí òmíràn. Níwájú ara wọn, èébú ni. Nígbà tí a bá ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, ìyá náà sọ pé ọmọ òun obìnrin ló ń ti ilé ọkọ bọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ, ojú sì ń ti òun láti sọ ọ́ síta. Títí tó fi fún wa láyè, a kò sọ ọ́ fún ayálégbé. Nígbà tí ọkùnrin náà gbọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fún òun ní oṣù mẹ́ta kí òun fi wá ilé, ìyá sì yọ̀ǹda owó oṣù tó kẹ́yìn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ kóòtù ni, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan jàre, ṣùgbọ́n a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú pípa àṣírí mọ́, ni kí ẹ kọ́ kí ẹ tó ronú owó ilé ìwé.

Ọmọ Àjàrà fèsì pé:

Ẹ má gbàgbé èdè Ògù. Ọ̀pọ̀ àgbà níbí gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí inú bá ń bí wọn, Ògù ni wọ́n fi ń sọ ohun tó dùn wọ́n gan-an. Ẹ sì lọ kí àwọn baálẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́ Àgbádárìgì:

Ẹ ṣeun gan-an, inú mi dùn. Ìbéèrè kan ló kù. Bí ìyàwó tí ọkọ ń lù bá wá bá mi, tí àwọn ẹbí sì ní kí n parí ìjà náà, kí ni kí n ṣe?

Olùlàjà:

Ẹ má ṣe làjà níbẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò lè bá ẹni tó ń lù ú dúnàádúrà, ohun yòówù tó bá sì gbà lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù ló gbà á. Ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni lílù, ìlàjà kò sì wà fún un. Ẹ rí i pé ó wà níbi tí kò ti séwu, kí ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn bí ó bá farapa, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ náà lé Domestic and Sexual Violence Agency ti Ìpínlẹ̀ Èkó lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni irú iṣẹ́ tí Ìyá Agbaninímọ̀ràn ń ṣe yóò wúlò fún un, nítorí yóò nílò ẹni tí yóò jókòó tì í.