Ẹ̀rọ wo ló ran òwò yín lọ́wọ́ ní tòótọ́? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Aládìrẹ Ìtòkú
Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ kan ń wá sí ìsọ̀ mi pé kí n gbé ọjà mi sórí app báyìí, kí n gba ẹ̀rọ báyìí. Kí n tó fọwọ́ kan ojú owó mi, ẹnu ẹni tó ti lò ó ni mo fẹ́ ti gbọ́. Nínú gbogbo nǹkan ìgbàlódé wọ̀nyí, èwo ló mú iṣẹ́ yín yá, tí èrè ẹ̀ sì hàn sí yín lójú? Ẹ̀yin tó ń ta app, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọlọ́jà sọ̀rọ̀.

Onírẹsì Bódìjà
Fóònù lásán ni tèmi, òun ló sì gbà mí lọ́wọ́ àwìn. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni mo ń tà, àwọn olóúnjẹ ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń rà: wọ́n á gbé odidi àpò, wọ́n á san ìdajì, wọ́n á ní ó di ọjọ́ Ẹtì. Inú ìwé ni mo ń kọ ọ́ sí tẹ́lẹ̀, títí òjò fi wọ ìsọ̀. Gègé ṣàn, orúkọ wọnú orúkọ, àwọn tó jẹ mí lówó wá ń sọ iye tó wù wọ́n. Ọmọ mi ló fi app àkọsílẹ̀ kan sórí fóònù mi. Ọ̀fẹ́ ni. Orúkọ, iye tí wọ́n gbé, iye tí wọ́n san, iye tó kù. Tí ọjọ́ bá pé, ó máa fúnra ẹ̀ kọ̀wé sí wọn. Owó tó ti sùn láti ìgbà Iléyá bẹ̀rẹ̀ sí wọlé.

Ohun kan ló bà á jẹ́. Ìyá kan tó ti ń rajà lọ́wọ́ mi kí n tó lọ́kọ wá bá mi ní ìsọ̀, ó na fóònù sí mi lójú, ó ní, "Ṣé èmi lo wá ń fi ẹ̀rọ dógò tì?" Ó san owó ẹ̀ pé. Kò sì padà wá mọ́.

Télọ̀ Ṣágámù
Ìyá yẹn jàre o.

Ọmọ Computer Village
Kò jàre rárá, ẹ̀gbọ́n. Ó jẹ gbèsè, wọ́n rán an létí. Ibo ni àbùkù wà níbẹ̀? Níbí l'Ìkẹjà, ọlọ́jà tí kò bá rán èèyàn létí, àpò ara ẹ̀ ló máa ti san án.

Ìyá Ìbejì Ìlọrin
Tún un sọ, ọmọ mi.

Bàbá Alágogo
Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dun ìyá yẹn. Kì í ṣe owó. Ẹni tó bá wá sin owó nílé wa, á kọ́kọ́ kí wa, á béèrè àlàáfíà, á béèrè àwọn ọmọ, á mu omi, kó tó wá sọ pé "ẹ̀yin náà mọ ohun tó gbé mi wá." Ìwé tí ẹ̀rọ kọ, kì í kí èèyàn. Orúkọ ìyá yẹn gan-an ni yóò kọ́kọ́ pè, láìsí "ìyá" níwájú ẹ̀. Irú ẹ̀ ti wọ fóònù tèmi náà rí, gbogbo ọjọ́ yẹn ni inú mi ò fi dùn.

Ọmọ Computer Village
Ẹ kú àgbà, bàbá. Ṣùgbọ́n onírẹsì tó ní oníbàárà rẹpẹtẹ, ìgbà wo ló máa ráyè kí gbogbo wọn lójúlé-dójúlé?

Onírẹsì Bódìjà
Ohun tí bàbá sọ gan-an ni mo wá ṣe. Mo pa ìwé tó ń fúnra ẹ̀ lọ yẹn, àkọsílẹ̀ nìkan ni mo ṣì ń lò. Alaalẹ́ ni mo máa ń wò ó. Ẹni tí ọjọ́ ẹ̀ bá pé, mo máa fi ohùn mi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ìyá wa. Ara ńkọ́? Ọjà ńkọ́? Ọkọ̀ Kánò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé o, àwọn yẹn kì í sì í tà á láwìn fún mi." N ò ní dárúkọ gbèsè rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti fowó ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bàbá Alágogo
O káre láé.

Oní-POS Òṣogbo
Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé ohun tó kó ọ̀pọ̀ wa dé ibi tá a wà yìí. Oṣù Kejì 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà, tí owó ò sì sí níta. Ní àdúgbò mi, ẹlẹ́kọ, alákàrà, aláta, gbogbo wọn kọ nọ́ńbà àkáǹtì sára páálí. Àwọn tí mo ti ń bẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n ṣí àkáǹtì ló wá ń bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn ṣí i. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ ní 3 oṣù Kẹta pé ká ṣì máa ná owó àtijọ́, owó padà jáde díẹ̀díẹ̀, àmọ́ páálí alákàrà ò kúrò níbẹ̀. Ṣéńjì ló fà á. Ẹni tó ra àkàrà 350 á fi 350 ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń wá àádọ́ta náírà kiri láàárọ̀ mọ́.

Ẹlẹ́ja Yìnyín
Ìyà ni wọ́n fi jẹ wá, ẹ wá ń pè é ní ìrànlọ́wọ́? Mo da ẹja nù nígbà yẹn, torí kò sówó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, transfer ò sì lọ. Ẹ tún rántí Ọjọ́bọ̀ 14 oṣù Kẹta 2024, tí àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bàjẹ́ lápá Abidjan. WACS, ACE, MainOne, SAT-3, ọjọ́ kan náà! App báńkì tí mò ń lò ò ṣí. Ìwé ni mo fi kọ orúkọ àwọn tó gbé ẹja lọ, ìwé yẹn náà ni mo fi gba owó mi. Ẹ má ju ìwé nù o.

Onírẹsì Bódìjà
Ìyá ẹlẹ́ja, òjò pa ìwé tèmi.

Ẹlẹ́ja Yìnyín
Fi ọ̀rá wé e!

Ìyá Ìbejì Ìlọrin
😂😂 Ẹlẹ́ja ti dá ẹjọ́.

Télọ̀ Ṣágámù
Ní tèmi o, kámẹ́rà ló ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tó bá gbé aṣọ wá, mo máa ya òun àti aṣọ ẹ̀ pọ̀, ó máa dì í mú síwájú àyà, kí n tó fi síṣọ́ọ̀sì kàn án. Mo máa kọ gígùn apá àti ìbàdí ẹ̀ sábẹ́ fọ́tò náà. Ìjà "èyí kọ́ laṣọ mi" tán nílé mi. Àwọn tó wà ní London náà ò ní láti wá: ẹnì kan á wọ̀n wọ́n lọ́hùn-ún, wọ́n á fi ránṣẹ́.

Aláṣọ Gbági
Kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ alert ayédèrú. Ẹni yẹn máa wọṣọ tó jọjú, á ra léèsì tó wọ́n, á fi fóònù hàn yín pé owó ti lọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ á dún lóòótọ́, orúkọ báńkì á wà lórí ẹ̀. Kò sí owó kankan níbẹ̀. Òfin ìsọ̀ mi ni pé a kì í gba àtẹ̀jíṣẹ́ gbọ́, inú app báńkì la ti ń wo iye tó wà nínú àkáǹtì. Mo ṣí àkáǹtì kan fún ìsọ̀ nìkan, mo sì fi fóònù kékeré kan síbẹ̀ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ fi ń wò ó. Tí mo bá lọ òde, ọjà ò dúró dè mí.

Ọmọ Computer Village
Wọ́n ń wo owó, wọn ò sì lè yọ ọ́? Báwo, mà?

Aláṣọ Gbági
PIN tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́ ò sí lọ́wọ́ wọn. Nọ́ńbà tó so mọ́ BVN mi, inú àpò mi ló wà. Alaalẹ́ ni mo sì ń kó owó ibẹ̀ lọ sínú àkáǹtì mìíràn.

Ọmọ Computer Village
Ó yé mi. Màá ṣe bẹ́ẹ̀.

Oníbàárà Lásán
Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ tún máa dá wa dúró kí owó tó wọlé. Mo dúró níwájú ẹlẹ́ran títí ọmọ fi sùn sí mi lẹ́yìn.

Aláṣọ Gbági
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ jẹ́ kó wọn ẹran, kẹ́ ẹ fowó ránṣẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí gé e. Kó tó gé e tán kó sì dì í, ó lè ti wọlé.

Oní-POS Òṣogbo
Kẹ́ ẹ tún fi 50 náírà tí ìjọba ń gbà sọ́kàn tí owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ bá ti tó 10,000.

Aládìrẹ Ìtòkú
Ẹ ṣé gan-an ni. Ti onírẹsì àti ti Gbági wọ̀ mí lára. Ọ̀rọ̀ London tí télọ̀ sọ ló ń dẹ́rù bà mí. Bí mo bá gbé àwòrán aṣọ mi síta, ṣé àwọn tó ń tẹ ayédèrú àdìrẹ ní Ṣáínà ò ní jí ọnà ẹ̀?

Télọ̀ Ṣágámù
Inú ọjà níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rà á lọ jí, mà. Ẹ fi ọwọ́ yín hàn wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ya fídíò yín bẹ́ ẹ ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ kọ ọnà àdìrẹ ẹlẹ́kọ sára aṣọ, bẹ́ ẹ ṣe ń rì í sínú aró, bẹ́ ẹ ṣe ń họ ẹ̀kọ kúrò. Ayédèrú ò lè ya irú ẹ̀. WhatsApp Business ní ibi téèyàn lè to ọjà sí pẹ̀lú iye owó ẹ̀, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Aládìrẹ Ìtòkú
Ẹlẹ́kọ ni mo jogún lọ́wọ́ ìyá mi. Màá ní kí àbúrò mi yà á lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹlẹ́ja Yìnyín
Èló ni yáàdì márùn-ún? Ọmọ mi ń gbéyàwó lóṣù tó ń bọ̀.